Ṣé ìgbàgbọ́ ni àbí àkọ́sórí? Ọmọ mi bi mí ní ìbéèrè kan

BabaTèmi (Ìbàdàn), ọjọ́ Àìkú, 8:47 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ jẹ́ kí n gbé e síwájú yín.

Ìdílé Àńgílíkà ni wọ́n ti bí mi, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń tọ́ àwọn ọmọ mi. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń tún àkọ́sórí tí wọ́n fún wọn ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kà. Àfi bó ṣe dákẹ́ lójijì. Ó ní, "Dádì, ká ní ilé Àlájì ìsàlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ṣé Mùsùlùmí ni ǹ bá jẹ́?"

Àlájì tó ń sọ yìí, àwa àti wọn la jọ ń gbé ilé kan náà, àwọn ọmọ wọn àti tèmi ló jọ ń ṣeré.

Kí n má parọ́, mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní kó yéé bèèrè ìbéèrè tí kò ní láárí. Ìyá rẹ̀ wò mí, kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yẹn kò bi mí ní ohunkóhun mọ́ nípa Ọlọ́run, ìyẹn ló sì ń dùn mí ju ìbéèrè ọ̀hún lọ.

Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Kí ló ń mú kí èèyàn gba ohun tó gbà gbọ́ gbọ́? Ṣé lóòótọ́ ni pé ṣe ni wọ́n kàn rọ́ ọ sí wa lágbárí láti kékeré, tí a wá ń pè é ní ìgbàgbọ́? Mi ò wá ìjà o.

Oníyèméjì (Manchester), ọjọ́ Àìkú, 9:20 alẹ́

Baba Tèmi, ẹ kú ọmọ rere. "Bẹ́ẹ̀ ni" ni ìdáhùn ìbéèrè ọmọ yẹn. Kò sí àbùlà ńbẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bí sí Sókótó, àfàìmọ̀ kó má máa kírun. Ẹni tí wọ́n bí sí Róòmù, Kátólíìkì. Ẹni tí wọ́n bí sí Bangkok, ọ̀dọ̀ Búdà ló máa forí lé. Ṣé Ọlọ́run ló ń pín òtítọ́ ní wọ́ọ̀dù-wọ́ọ̀dù, bí àwọn olóṣèlú ṣe ń pín tiransfọ́mà?

Ilé àwọn àtúnbí ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Mo mọ àkọ́sórí ju orúkọ àwọn ẹbí mi lọ. Mo lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo dé láti ilé ìwé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹ̀wà wà lórí iná, ó ń hó, sálúbàtà ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyá mi gan-an kò sí. Mo pe àbúrò mi, kò dáhùn. Ẹ̀yin ará, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún. Mo ti gbà pé ìgbàsókè, ọjọ́ tí Jésù máa kó àwọn tirẹ̀ lọ sí ọ̀run, ti ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ti fi mí sílẹ̀ nítorí ẹran kan tí mo jí jẹ nínú ìkòkò lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá mi kàn gbé àbúrò mi pọ̀n, ó fi ẹsẹ̀ lásán lọ bu epo pupa lọ́dọ̀ aládùúgbò ni.

Ẹ̀rù ni wọ́n fi kọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ wo ló mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀rí wò?

Ẹ wá wo ibi tí mo wà yìí. Nínú ètò ìkànìyàn 2021 ní England àti Wales, ìpín 46.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló pe ara wọn ní Kristẹni. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọn ò tó ìdajì. Ìpín 37.2 ní àwọn ò ní ẹ̀sìn kankan. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn òbí ò kọ́ ọmọ mọ́ ni. Ewébẹ̀ tí wọn ò bomi rin mọ́, ẹ ti mọ bó ṣe ń rí.

Ìyá_Ìjọ (Iléṣà), ọjọ́ Àìkú, 10:05 alẹ́

Olúwa á wo ọmọ yẹn dàgbà, Baba Tèmi. Ẹ má jágbe mọ́ ọn mọ́ o.

Oníyèméjì ọmọ mi, mo kí ọ. Ẹ̀rín pa mí, àánú rẹ sì tún ṣe mí. Ó ti pé ọdún 28 tí mo ti ń kọ́ ọmọdé ní ìjọ wa níbí. Mi ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni: à ń fún wọn ní àkọ́sórí. À ń kọ́ wọn lórin. Èyí tó bá kà á pé, a máa fún un ní bisikíìtì. Òwe 22:6 ló ní ká tọ́ ọmọdé ní ọ̀nà tí yóò tọ̀. Bí a ṣe kọ́ wọn pé kí wọ́n kúnlẹ̀ kí àgbà náà nìyẹn. Ta ló bi ọmọ léèrè rí bóyá Yorùbá ló fẹ́ máa sọ?

Ṣùgbọ́n àkọ́sórí kọ́ ni ìgbàgbọ́. Igi ìdáná ni àkọ́sórí, èèyàn á kó o jọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ tí iná máa ràn án, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Èmi fúnra mi, ogún ọdún ni mo fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni ń ná ọjà. Ní 1987, àkọ́bí mi dùbúlẹ̀ àìsàn. A ti kiri ilé ìwòsàn méjì. Lóru ọjọ́ kan, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, Orin Dáfídì kan tí mo kọ́ ní kékeré kàn jáde lẹ́nu mi, mi ò pè é. Mi ò ní sọ bó ṣe parí, torí mo mọ̀ pé ẹ máa ní oògùn ló ṣiṣẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi nínú yàrá yẹn ni mo ń sọ. Kò sí tíṣà tó kọ́ mi ní ìyẹn.

Oníyèméjì, ọjọ́ Àìkú, 10:19 alẹ́

Ẹ ṣeun, Mà. Mi ò ní bá yín jiyàn lórí òru ọjọ́ yẹn, mi ò sí ńbẹ̀. Àmọ́ ká ní igi mìíràn ni wọ́n kó sí ẹ̀yìnkùlé yín ńkọ́? Ìyá Mùsùlùmí tí ọmọ tirẹ̀ wà ní ibùsùn kejì, Fátíhà ló máa jáde lẹ́nu ẹ̀. Iná kan náà, igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìyá_Ìjọ, ọjọ́ Àìkú, 10:31 alẹ́

Ìyá kan wà ní ibùsùn kejì lóòótọ́. Ìborùn funfun ló fi bo orí. Ó ń bá mi ṣe àmín, èmi náà ń bá a ṣe é.

SísíKòkò (Èkó), ọjọ́ Àìkú, 11:02 alẹ́

"Ẹ̀wà wà lórí iná, ó ń hó." Mo kú o! Èmi náà! Tèmi, mo sáré lọ sílé pásítọ̀ láti lọ wò ó bóyá wọ́n ṣì wà. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, àmọ́ nígbà tó yá mo tún rò ó pé bóyá wọ́n fi àwọn náà sílẹ̀ ni.

Ọmọ_Ìwó, ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀

Àsàlámù àlékúmù. Èmi ni Àlájì ìsàlẹ̀ nínú ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i.

Àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ rírọ́ sí lágbárí yìí dáadáa, torí ilé ìwé ni wọ́n fi ṣe é. Láyé àwọn bàbá wa, ìjọ ló ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé. Tí o bá fẹ́ kí ọmọ rẹ mọ̀wé, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lo máa gbà wọlé. Àbúrò bàbá mi wọ kíláàsì kìíní ní Rájí, ó jáde kíláàsì kẹfà ní Richard. Ó padà sí Rájí nígbà tó dàgbà, àmọ́ Richard ló wà lórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ títí tó fi kú. Ìdí tí wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923 nìyẹn, kí ọmọ Mùsùlùmí lè kàwé láìpààrọ̀ ẹ̀sìn. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, ilé ìwé pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjọ ló ṣì ń darí púpọ̀ nínú wọn.

Kí n sọ tiwa náà o. Ilé kéú tí mo lọ, wàláà wà lọ́wọ́ mi, àtòrì wà lọ́wọ́ áfáà. Mo ti ka Kùránì jìnnà kí n tó mọ ohun tí gbólóhùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀ túmọ̀ sí. Nígbà wòlímọ̀ mi, wọ́n pa àgbò, wọ́n ń lẹ owó mọ́ mi níwájú orí. Ṣé àkọ́sórí nìyẹn àbí ìgbàgbọ́? Mi ò tíì mọ̀ títí dòní. Mo kàn mọ̀ pé mo ṣì ń kírun, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí àtòrì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ híjáàbù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 2016. Ilé ẹjọ́ gbà kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí máa wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ìwé. Nílùú wa Ìwó, àwọn ọmọ Kristẹni kan gbé aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀ wá sí kíláàsì. Ṣé àwọn ọmọ yẹn ló dá a rò? Àgbà ló ń jà, wọ́n wá ń gbé ẹ̀wù ogun wọ ọmọdé.

Olùkọ́_Bíbélì (Ògbómọ̀ṣọ́), ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán

Mo ti ń kà á látàárọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì la lọ́ pọ̀ mọ́ra.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà wọ orí èèyàn yàtọ̀ sí bóyá òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹgba ni wọ́n fi kọ́ mi pé 7 lọ́nà 8 jẹ́ 56. Mi ò bi tíṣà léèrè ẹ̀rí. Ṣé torí ẹgba ni kò fi ní jẹ́ 56? Oníyèméjì fi hàn wá pé ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Kò tíì fi hàn wá pé irọ́ ni ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni èmi ò lè ní òótọ́ ni torí pé ìyá tèmi ló sọ ọ́.

Ìtàn ilẹ̀ wa gan-an kò sì bá ọ̀rọ̀ rírọ́ sí lágbárí lọ tó bí a ṣe rò. Ẹ wo Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣóògùn ní 1821, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, ó gba ìrìbọmi ní 1825. Ẹ lè ní ọmọdé ni, abẹ́ àwọn tó gbà á lóko ẹrú ló wà, kí ló fẹ́ sọ? Ó dára. Ìyá rẹ̀ Àfàlá ńkọ́? Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ìyá yìí fi wà láìfojú kan ọmọ. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, wọ́n tún fojú kanra. Àgbàlagbà obìnrin, ó ti ní ohun tó ń bọ, kò jókòó sí kíláàsì kankan rí. Ó gba ìrìbọmi ní 1848, wọ́n sọ ọ́ ní Hánà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Bíbélì mọ ẹni tí Hánà jẹ́ sí Sámúẹ́lì. Ta ló rọ́ kí ni sí ìyá yẹn lágbárí? Ó rí ọmọ rẹ̀, ó fẹ́ mọ Ọlọ́run tó bá a tọ́jú rẹ̀.

Ẹ tún wo àwọn Aládùúrà. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lukuluku ń pa èèyàn ní 1918, àwọn ọmọ ìjọ Àńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ gbàdúrà. Òyìnbó kọ́ ló kọ́ wọn, inú àwọn aláṣẹ ìjọ kò sì dùn sí i. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n bá ìjọ náà pínyà, ẹ sì gbọ́ ọ̀kan nínú ohun tó fa á: wọn ò fara mọ́ kí wọ́n máa ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè ọmọ Baba Tèmi gan-an nìyẹn! Ní 1930, ní Òkè-Ooye ní Iléṣà, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn ló wọ́ lọ sọ́dọ̀ Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn débẹ̀, àgbàlagbà tó pọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tí wọ́n bá ti dáwọ́ ẹ̀kọ́ dúró ìgbàgbọ́ á kú, ẹ bi Rọ́ṣíà. Nǹkan bí 70 ọdún ni ìjọba Soviet fi kọ́ ọmọdé pé kò sí Ọlọ́run. Wọ́n fi àdó wó kàtídírà Kristi Olùgbàlà ní Moscow ní 1931. Ilé náà ti dìde padà sí ojú kan náà.

Ìṣẹ̀ṣe_Làgbà (Òṣogbo), ọjọ́ Ajé, 7:33 alẹ́

Ẹ ń jà lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ ò tú palẹ̀. Ìgbàgbọ́: gbà, kí o sì gbọ́. Kí wọ́n tó gbé Bíbélì dé, ta ló ń bi bàbá ńlá yín pé "ṣé o gba Ọya gbọ́"? Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí lò ń bọ, kí lò ń sìn. Ara sìn ni ẹ̀sìn ti wá. Ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ ṣe ni. O bọ ọ́, ó gbè ọ́, o dúpẹ́. Tí kò bá gbè ọ́, ẹnu rẹ kò di: Òrìṣà, bí o ò lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi. Àwọn Kristẹni ló wá pe ara wọn ní onígbàgbọ́, bí ẹni pé àwa yòókù kò gba nǹkan kan gbọ́. Nítorí náà, "kí ló ń mú èèyàn gbà gbọ́" tí ẹ ń bèèrè yẹn, ìbéèrè inú ilé wọn ni.

Tó bá jẹ́ ti rírọ́ sí lágbárí, ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá tí wọ́n parí ní 1884. Ta ló dán Jésù wò ní aginjù? Èṣù. Èṣù wo? Èyí tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run? Ìtumọ̀ kan ṣoṣo, odindi ìran bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ohun tí bàbá wọn ń ta epo sí. Ẹ wò ó, àlùfáà, wòlíì, àdúrà, ìwàásù, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n ti yá gbogbo ìyẹn. Wọ́n mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yá ọ̀rọ̀. Ti Èṣù nìkan ni wọn ò bi ẹnikẹ́ni.

Àwa náà ń kọ́ ọmọ o, n kò ní purọ́. Ọmọ awo lè bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún méje, Odù 256 ló wà níwájú rẹ̀, kò sí bisikíìtì. Ṣùgbọ́n a máa ń bi Ifá léèrè ọ̀nà tó jẹ́ ti ọmọ. Ọmọ mìíràn wà tí Ọ̀túrá Méjì á jáde fún, àwọn àgbà á ní kó lọ máa ṣe Ìmàle. Ìjọ wo ni wọ́n ti ń sọ irú ẹ̀ fún ọmọ?

Jésù_Nìkan, ọjọ́ Ajé, 7:50 alẹ́

Ẹ yé tẹ́tí sí abọ̀rìṣà! Iná àjóòkú ń dúró de gbogbo àwọn tó

[Olùdarí ti yọ ìyókù kúrò. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó jágbe mọ́ ọmọ ló ní kí ẹ bá òun dá sí ọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà tún wá ń jágbe.]

Peckham_Sàn (London), ọjọ́ Ajé, 10:12 alẹ́

Ọ̀rọ̀ tèmi kò le tó báyìí. Mo dé London ní oṣù January, mi ò ní ẹ̀wù òtútù, mi ò mọ ẹnì kan. Mi ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún mẹ́fà ní Èkó. Ìyá kan tó gbọ́ tí mò ń sọ Yorùbá lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì ló ní kí n wá sí ìjọ àwọn ní Old Kent Road. Mo rí jọ̀lọ́ọ̀fù, mo rí kóòtù, mo rí ẹni tó mọ ibi tí iṣẹ́ wà. Òtútù ló mú mi wọlé o, kì í ṣe ìwàásù. Ó ti di ọdún mọ́kànlá. Nígbà wo ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́? Mi ò lè fi ọwọ́ sọ ọ́. Mo kàn rí i lọ́jọ́ kan pé tí mo bá ń gbàdúrà, mi ò ṣe é fún ojú ayé mọ́.

Adé_Bahia (Salvador), ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:08 ọ̀sán

Ẹ bá mi ká a. Ibí yìí gan-an, ní Bahia ní Brazil, ni wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ jù. Wọ́n kó èèyàn wa wá síbí lẹ́rú, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún wọn, wọ́n fún wọn ní orúkọ tuntun àti ẹni mímọ́ tuntun. Tí rírọ́ sí lágbárí bá ń jẹ́ tó bí Oníyèméjì ṣe sọ ọ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣì máa pe Ọ̀ṣun ní Bahia. Ní January 1835, àwọn Nagô, ìyẹn àwa Yorùbá, tí Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn, dìde ogun sí àwọn tó rà wọ́n lẹ́rú nínú ìlú yìí, tírà wà lọ́rùn wọn. Ìjọba borí wọn, àmọ́ ẹ ṣáà ti rí i pé omi ìrìbọmi kò pa iná yẹn.

4 December ni ọjọ́ Santa Bárbara, ọ̀kan nínú àwọn ẹni mímọ́ Kátólíìkì. Pupa ni gbogbo Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ìlú wa, máa ń rí. Ọya ni wọ́n ń kí. Ẹ wá sọdá sí Kúbà, Santa Bárbara kan náà, Ṣàngó ni wọ́n fi ṣe níbẹ̀. Ọkọ gba ère mọ́ ìyàwó lọ́wọ́!

Àmọ́ ibi tó ti rú mi lójú nìyí. Ní 1983, àwọn ìyálórìṣà márùn-ún, Mãe Stella wà nínú wọn, kọ̀wé síta pé kí wọ́n yéé da òrìṣà pọ̀ mọ́ ẹni mímọ́, pé ìgbà ẹrú ti kọjá, kò sídìí láti fara pamọ́ mọ́. Àwọn kan gbà. Àwọn ìyá àgbà mìíràn ò gbà rárá. Wọ́n ní Santa Bárbara ti di tàwọn, ìyá àwọn ló fi lé àwọn lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n fi ipá rọ́ sí ìyá ńlá lágbárí, ọmọ-ọmọ fi ìfẹ́ dì í mú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun. Kí la máa pe ìyẹn?

Oníyèméjì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:40 alẹ́

Adé, mi ò mọ ohun tí a máa pè é. Mo gba ti Bahia. Mo gba ti Rọ́ṣíà dé ìdajì. Ti Àfàlá, ìmoore lèmi rí níbẹ̀, mi ò rí ẹ̀rí, àmọ́ mi ò lè bá ìyá tó rí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jà.

Ti 7 lọ́nà 8 yẹn ni mo fẹ́ dáhùn. Tí mo bá bi tíṣà ìṣirò pé kí ló dé, ó lè kó òkúta sílẹ̀ ká jọ kà á. Tí mo bá tún fárígá pé 54 ni, ó pẹ́ tán, màá fìdí rẹmi. Wọn ò ní gbààwẹ̀ lé mi lórí.

Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé mi ò rò pé mo gbà á gbọ́ mọ́. Wọ́n mú mi lọ sí ìjọ kan. Ọjọ́ mẹ́ta, ààwẹ̀ gbígbẹ. Wọ́n ní ẹ̀mí àjèjì ló wọ inú mi. Lọ́jọ́ kẹta, mo ní mo ti gbà. Ebi ló ń pa mí. Wọ́n pariwo halelúyà. Ìyá mi jó. Mo ń wò ó bó ṣe ń jó, mo sì mọ̀ pé mi ò ní lè sọ òótọ́ fún un mọ́. Ó kú ní 2014. Kò mọ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀ ń bèèrè bí wọ́n ṣe kọ́ ọmọ. Èmi, ohun tí wọ́n ṣe fún un nígbà tó ní "rárá" ni mò ń bèèrè.

Ìyá_Ìjọ, ọjọ́rú, 5:12 ìdájí

Ọmọ mi. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ jókòó síta.

Àwọn tó fi ebi pa ọ́ yẹn kò ṣe é dáadáa. Mi ò lè bá wọn tọrọ àforíjì, torí èmi kọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n mo ti rí i kí wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún ọmọ mìíràn, mi ò sì lanu.

Àkọ́bí mi tí mo sọ lọ́jọ́sí, ó wà ní Kánádà báyìí. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ọdún karùn-ún rèé. Mo sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè mí, a máa sọ̀rọ̀ ẹ̀gúsí, a máa sọ̀rọ̀ òjò dídì wọn. Tó bá kù díẹ̀ kó pa fóònù, á ní, "Màámi, ẹ gbàdúrà fún mi." Mi ò bi í léèrè rí pé sí ta.

Bóyá ìyá rẹ mọ̀. A máa ń mọ̀.

Oníyèméjì, ọjọ́rú, 7:55 àárọ̀

Ẹ ṣé, Mà.

Olùkọ́_Bíbélì, ọjọ́rú, 12:30 ọ̀sán

Kékeré ni mo fẹ́ fi kún un. Òfin Nàìjíríà 1999, abala 38, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti pààrọ̀ ẹ̀sìn rẹ̀, ó sì ní kí ilé ìwé má fi ipá kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀ tàbí èyí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Òbí ni wọ́n dáàbò bò níbẹ̀ o. Ọmọ tó ń gbé abẹ́ òrùlé òbí rẹ̀, òfin kò bá a dé yàrá. Ìwé Ìṣe Àpọ́sítélì 17 yin àwọn ará Bèróà torí pé wọ́n ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ bóyá bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù rí. Mo ti ń kọ́ni ní orí yẹn láti ọdún pípẹ́. Mi ò tíì bi àwọn ọmọ mi rí bóyá wọ́n yẹ tèmi wò.

BabaTèmi, ọjọ́ Àìkú, 4:26 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, àwọn ibòmíì lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ kú làálàá.

Lánàá, mo lọ bá ọmọ náà níbi tó ti ń bó ẹ̀pà. Mo ní, "Ìbéèrè tí o bi mí lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni. Ká ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n bí ọ sí, ó ṣeé ṣe kó o jẹ́ Mùsùlùmí."

Ó ní, "Mo mọ̀. Àwọn ọmọ Àlájì náà bi bàbá wọn."

Mo ní kí ni Àlájì sọ.

"Wọ́n ní kí wọ́n lọ sùn."

Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Dádì? Ta ló sọ yín di Kristẹni?" Mo ní bàbá mi ni. "Ta ló sọ Bàbá àgbà di Kristẹni?" Mo wá sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún un rí, pé Fá ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé wa, tíṣà kan ló fi Olú rọ́pò rẹ̀ nínú rẹ́jísítà ní 1954. Ó ní ṣé wọ́n bi Bàbá àgbà léèrè. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní ká pè wọ́n.

A pè wọ́n. Bàbá mi rẹ́rìn-ín pẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Wọn ò bi mí." Wọ́n dákẹ́, mo ti rò pé néẹ́tíwọ̀kì ti já. Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dẹni tó lè yí i padà, mi ò yí i padà. Ẹ má bi mí ní ìdí, ó pọ̀."

Wọ́n wá ní kí ọmọ gba fóònù. Wọ́n ní kí ni àkọ́sórí wọn lọ́sẹ̀ yìí. Ó gbé ẹ̀pà sílẹ̀, ó dìde dúró, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò gbé ọ̀rọ̀ kan jù.